Ọjọ́ Tí Fìríìsà Mi Há sí Ojú Pákó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ohun tẹ́ ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí l'Ájégúnlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá! Mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà, ìhà ti ń dùn mí. Bí mo bá ti rántí táwẹ́ẹ̀lì Daddy Bọ́lá báyìí, mo tún máa bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ rò ó bó ṣe rí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń gbé. Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n. Ilé wọn wà nínú ọ̀nà tóóró kan tó já sí etí kánáàlì. Tẹ́ ẹ bá bi Ìyá Àgbà, Ojú Pákó lorúkọ ibẹ̀, torí pé nígbà tí àwọn àti ọkọ wọn dé láti Ìsẹ́yìn, ẹrẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Pákó tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ń rù bọ̀ láti Àpápá ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń rìn lé. Nígbà tí èmi wà ní kékeré, Viewing là ń pè é, torí ilé kan tí wọ́n ti ń gbowó wo bọ́ọ̀lù. Ní báyìí, ilé bọ́ọ̀lù ti di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti ri pátákó mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ Victory Close sí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo o! Bí ọlọ́kadà bá ń gbé nǹkan bọ̀ fún mi, tó bá lọ bi àgbàlagbà, wọ́n á ní kò síbi tó ń jẹ́ Victory ládùúgbò yìí, kó lọ wò ó ní Àpápá.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ fìríìsà.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ṣe kílíárìn ní Warehouse Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sáré tẹ̀lé ẹrù títí kọ̀nténà á fi jáde ní pọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n owó oṣù ò tó jẹun, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo wá rò ó pé bí mo bá ra fìríìsà sílé, màá máa ta yìnyín àti nǹkan mímu tútù fún àwọn dẹ́rẹ́bà tírélà tó ń tò sí títì. Mo lọ sí Ìjọra, mo ra tòkunbọ̀ ńlá kan, funfun báláú, ó gùn bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì! Inú mi dùn débi pé mo ń fọwọ́ pa á lára nínú ọkọ̀.

Ìyá Àgbà gan-an ti ń retí ẹ̀. Wọ́n ti fọ kọ́ọ̀bù wọn, wọ́n gbé e sápá kan, wọ́n ní àwọn làwọn á kọ́kọ́ mu omi tútù inú ẹ̀, kí oníbàárà kankan má gba iwájú àwọn.

Àwọn alábàárù méjì ló bá mi gbé e wọlé láti títì. Ẹnu ọ̀nà gbà á. A kọjá ilé télọ̀. A fẹ̀gbẹ́ kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà níwájú, mò ń ṣe bí ọ̀gá, mò ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ yà fún wa, fìríìsà ń bọ̀! Ó kù díẹ̀ ká dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé wa. Bí a ṣe dé àárín ilé wa àti ilé Daddy Bọ́lá tó kọjú sí i báyìí, mo gbọ́ gbàgà! Ó há.

"Madam, e no go enter o!" ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Mo ní kí wọ́n tì í. Wọ́n tì í. Mo ní kí wọ́n fà á padà. Wọ́n fà á. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Èkejì ní ká dá a dúró lóòró, mo fò sókè pé ẹni tó tà á fún mi kìlọ̀ pé gáàsì inú ẹ̀ á bàjẹ́. Ká sòótọ́, kò tiẹ̀ sáyè tá a fẹ́ fi dá a dúró. Èmi tí mò ń mú kọ̀nténà jáde ní Àpápá, fìríìsà kan ṣoṣo wá sọ mí di aláìmọṣẹ́ níwájú ilé wa! Ṣé ẹ ti rí irú ìyẹn rí?

Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, èrò ti kún. Àwọn tó ń lọ síta ò lè lọ, àwọn tó ń wọlé ò lè wọlé. Màmá Blessing tó máa ń ta pọ́fù-pọ́fù náà dé. Ẹ gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ṣe o. Ó gbé àtẹ pọ́fù-pọ́fù ẹ̀ lé orí fìríìsà mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tajà! Mo pariwo. Ó ní kí n má bínú jàre, ṣebí fìríìsà náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ibẹ̀ la wà tí Daddy Bọ́lá fi yọ láti ẹ̀yìn.

Kẹ́ ẹ tó lè gbádùn ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbọ́dọ̀ mọ irú èèyàn tí Daddy Bọ́lá jẹ́. Bọ́lájí lorúkọ wọn gan-an, lánlọ́ọ̀dù sì ni wọ́n. Èèyàn tó máa ń wọ fìlà kó tó lọ ra búrẹ́dì! Àwọn ló kọ́ àgò irin sójú ọ̀nà, tí wọ́n ti jẹnẹrétọ̀ mọ́nú ẹ̀. Kò tó wọn o. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò yẹn náà ni wọ́n to blọ́ọ̀kù sí, wọ́n ní bíríkìlà ń bọ̀ ní Mọ́ńdè láti mọ ṣọ́ọ̀bù POS mọ́ ara ògiri. A ti bẹ̀ wọ́n títí pé wọ́n á dí ọ̀nà mọ́ wa. Wọ́n ní ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán ni, béèyàn bá ti lè fẹ̀gbẹ́ kọjá, ó ti tó.

Ní ọjọ́ Sátidé yìí, Daddy Bọ́lá ti lọ wẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́bàá kánáàlì. Wọ́n wẹ̀ tán, wọ́n ń bọ̀ wálé. Wọ́n ro táwẹ́ẹ̀lì mọ́dìí, ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì bá fìríìsà pàdé! Ilé wọn ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán, ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọn ò lè dé ibẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù wà nínú táwẹ́ẹ̀lì láàárín àwọn tẹ́náǹtì ẹ̀! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo panu mọ́.

Ìyá Àgbà jáde sí wa. Wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá wo ìyàwó tuntun tí ilé ọkọ kọ̀. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ojú wọn yí padà. Wọ́n wo fìríìsà, wọ́n wo ògiri lápá ọ̀tún, wọ́n wo tòsì. Wọ́n rọra jókòó sórí pèpéle wọn tó wà níwájú ilé, níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí láràárọ̀ mu ẹ̀kọ.

"Rísì," ni wọ́n pè mí, "bí fìríìsà ò bá lè wọlé, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbé mi jáde?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí Ìyá Káyọ̀dé tó ń gbé nítòsí kánáàlì kú, àwọn tó fẹ́ ru wọ́n ò lè tò sí ọ̀tún àti òsì. Ìdúró ni wọ́n gbé ìyá arúgbó kọjá, bí ìgbà tí wọ́n ń kó kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ìyá Àgbà rí i. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Wọn ò sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún mi, èmi náà ò sì bi wọ́n. Àṣé látìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e sọ́kàn! Wọ́n fẹ́ kí wọ́n ru àwọn ní ìdùbúlẹ̀ lórí èjìká, bí èèyàn tó bímọ tó ní ọmọ ọmọ. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù? Bí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá sì fi lè dìde ní Mọ́ńdè, ó ti parí nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ ẹnu mi. Inú bí mi! Mo yíjú sí Daddy Bọ́lá, mo ní àwọn ni wọ́n gbé ọ̀nà mì. Mo ní àgò jẹnẹrétọ̀ wọn ló há fìríìsà mi mọ́, pé wọ́n fẹ́ tún fi ṣọ́ọ̀bù dí ìyókù. Wọ́n ní ṣé àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn? Wọ́n fẹ́ nawọ́ sí mi, táwẹ́ẹ̀lì yẹ̀. Wọ́n dì í mú. Wọ́n tún nawọ́, ó tún yẹ̀! Màmá Blessing ní, "Daddy, abeg, use one hand quarrel." Ibẹ̀ dàrú.

Ìyá Àgbà wá bọ́ sí i. Ìyá tí kì í pariwo! Wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà lórí pèpéle, wọ́n ń na ìka sí Daddy Bọ́lá. "Bọ́lájí! Ojú mi ni wọ́n ṣe bí ẹ! Ọ̀nà tí àwọn bàbá yín fi òógùn ojú là, ìwọ lò ń jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ àkàrà! Ẹni tó bá jí ọ̀nà gbé, ibo ló fẹ́ gbà lọ sílé?" A ń dáhùn pé ẹ wí i, Màmá, ẹ wí i dáadáa!

Ẹnì kan sáré lọ pe Bàbá Wínṣì wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà wa, níbi téèyàn ti ń wọlé láti títì, ni Bàbá Wínṣì ń gbé. Àwọn àti bàbá àgbà mi tó ti dolóògbé ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù. Wínṣì ni wọ́n ń wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè yẹn. Ariwo ẹ̀ ti ba etí wọn jẹ́, ọwọ́ ni wọ́n sì fi máa ń sọ̀rọ̀ jù, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá gbé àtàǹpàkò sókè, gbé e nìyẹn. Tí wọ́n bá di ẹ̀ṣẹ́, ó yá dúró. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n l'Ójú Pákó, àní ọmọ ọwọ́.

Bàbá Wínṣì dé, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́ sókè. Màmá Blessing tó fẹ́ fún oníbàárà ní ṣéńjì dáwọ́ dúró. Bàbá tẹ̀ síwájú, wọ́n wo ibi tí fìríìsà há sí. Mo ń retí kí wọ́n nawọ́ sí àgò jẹnẹrétọ̀. Wọn ò tiẹ̀ wò ó! Ọ̀pá ọwọ́ wọn ni wọ́n gbé, wọ́n fi kan pèpéle tí Ìyá Àgbà jókòó lé. Kó, kó.

"Èyí ló kọ́kọ́ jáde," ni wọ́n wí.



Bàbá Wínṣì wá ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ní nígbà tí àwọn pín ilẹ̀ ibẹ̀, kò sí sọ̀fíyọ̀ tó máa wọn ilẹ̀. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù fẹnu kò sí ni pé bí ọkùnrin méjì tó ru ẹrù bá pàdé lọ́nà náà, kẹ́nikẹ́ni má ṣe sọ ẹrù ẹ̀ kalẹ̀ nítorí ẹnì kejì. Bàbá àgbà mi, Sùlè, ló ga jù nínú wọn. Wọ́n ní kó dúró sáàárín, kó na apá ẹ̀ méjèèjì. Ibi tí ìka ẹ̀ dé lápá ọ̀tún, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀. Ibi tó dé lósì, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀. Apá Sùlè ni ọ̀nà yìí!

Nígbà tó pẹ́, Ìyá Àgbà ní ooru ń pa àwọn nínú yàrá, àwọn ń fẹ́ ibi tí àwọn lè jókòó sí gba atẹ́gùn. Sùlè fẹ́ràn ìyàwó ẹ̀, ó bá mọ pèpéle. "Èmi náà bá a po sìmẹ́ǹtì ẹ̀," Bàbá Wínṣì ní. Télọ̀ rí pèpéle, òun náà mọ àtẹ̀gùn. Bàbá tó bí Daddy Bọ́lá rí àtẹ̀gùn, wọ́n sún fẹ́ńsì jáde. Ṣọ́ọ̀ṣì ri òpó. Àgò jẹnẹrétọ̀ ló kẹ́yìn gbogbo ẹ̀.

Ẹ wá wo Daddy Bọ́lá! Wọ́n na ọrùn bí àkùkọ, wọ́n di táwẹ́ẹ̀lì wọn mú dáadáa, wọ́n ní, "Ẹ ti gbọ́ àbí ẹ ò gbọ́?"

Ojú tì mí. Mi ò lè wo Ìyá Àgbà lójú. Wọ́n ti lo gbogbo ọ̀sán bú ọmọ ọlọ́mọ lórí pèpéle tó jẹ́ pé òun gan-an ni baba ẹjọ́!

Ni mo bá gbọ́ ẹ̀rín. Ìyá Àgbà ni o! Wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí gèlè fi já bọ́ lórí wọn, wọ́n ń lu itan, omi ń bọ́ lójú wọn. "Háà! Àṣé èmi ni olórí olè! Sùlè, o ti tà mí!" Bàbá Wínṣì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ran gbogbo wa. Àwọn alábàárù fara ti fìríìsà, wọ́n ń gbọ̀n.

Bàbá Wínṣì fi ìka pè mí. Wọ́n ní kí n na apá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi lọ sílé ìwé mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí: Alápá Gígùn! Apá mi gùn ju tẹlòmíì lọ, mo sì kórìíra ẹ̀ títí. Wọ́n ní apá Sùlè ni, èmi nìkan ló jogún ẹ̀ nínú ọmọ àti ọmọ ọmọ. Mo na apá láàárín ọ̀nà. Ìgúnpá mi kan ògiri, mo dúró bí adìẹ tó fẹ́ fò. Ẹ̀rín tún bẹ́!

Ìyá Àgbà dìde. "Ẹ gbé hámà wá."

A bẹ̀ wọ́n o. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wá ọgbọ́n míì dá, pé ṣebí ọwọ́ ọkọ wọn ló mọ pèpéle yìí. Wọ́n fọwọ́ pa orí ẹ̀, ibi tí ìjókòó ti jẹ ẹ́ tó ń dán.

"Ibi tí mo jókòó sí kò lè ju ibi tí màá gbà lọ," ni wọ́n wí. "Ẹ gbé e wá!"

Wọ́n gbé hámà, wọ́n ní bísímílà, wọ́n là á mọ́ ọn. Ohun tó já bọ́ ò ju ẹ̀wà kan lọ. Èrò hó bí ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n! Àwọn alábàárù gba hámà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fọ́ ìyókù. Bí pèpéle ṣe wó báyìí, fìríìsà yọ lójijì, ó sáré wọ iwájú ilé wa, pọ́fù-pọ́fù ń yí gbirigbiri kiri ilẹ̀, Màmá Blessing ń képe Jésù. Ọ̀nà là! Daddy Bọ́lá gba àárín wa kọjá, wọ́n forí lé ilé wọn. Ẹ má bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí táwẹ́ẹ̀lì. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má bi mí!

Nígbà tí wọ́n máa fi jáde padà, wọ́n ti wọ jálámíà, wọ́n ti dé fìlà. Gbogbo wa ń wò wọ́n. Ìyá Àgbà ti jókòó sórí àga nínú fàràńdà. Wọn ò bú Daddy Bọ́lá mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ò pọ̀.

"Bọ́lá, mo ti fọ́ tèmi."

Daddy Bọ́lá wo òkìtì pèpéle tó wó sílẹ̀. Wọ́n wo blọ́ọ̀kù wọn. Ìyàwó wọn yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ní, "Daddy, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Màmá sọ?" Wọ́n ní àwọn gbọ́. Wọ́n ká ọwọ́ jálámíà sókè, wọ́n fọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tú àgò jẹnẹrétọ̀!

Àfi bí ẹni pé nǹkan kó sí gbogbo wa lórí. Télọ̀ fọ́ àtẹ̀gùn. Pásítọ̀ ní àwọn máa kọ́kọ́ gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ òpó. A ní kí wọ́n máa gbàdúrà lọ, kí àwa máa fọ́ ọ. Nígbà tí bíríkìlà dé ní Mọ́ńdè lóòótọ́, fẹ́ńsì ni Daddy Bọ́lá ní kó kọ́kọ́ sún padà. Blọ́ọ̀kù ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ní kó fi mọ pèpéle tuntun fún Ìyá Àgbà, nínú fàràńdà. Nínú ilé o, kì í ṣe síta!

Lọ́jọ́ tá a gbá gbogbo ẹ̀ mọ́, Ìyá Àgbà pè mí jáde ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n dúró sáàárín, kí n na apá. Mo nà án. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìka mi kan ògiri lápá ọ̀tún, ó kan ògiri lápá òsì. Ó kàn án lásán ni, bí ìgbà téèyàn kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ìyá Àgbà wá, wọ́n di ìka mi mú lápá kan, wọ́n lọ sí apá kejì, wọ́n di tibẹ̀ mú. "Apá Sùlè rèé," ni wọ́n wí. Ẹkún gbọ̀n mí. Apá tí mo ti kórìíra látijọ́!

Wọ́n wojú gbogbo wa, títí kan Daddy Bọ́lá. "Ẹ ti lè gbé mi gba ibí báyìí. Ẹ̀rù ò bà mí mọ́."



"Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sáré o!" ni wọ́n tún fi kún un. "Rísì, omi inú fìríìsà yẹn ti tutù àbí kò tíì tutù?"

Ó ti tutù, ẹ̀yin èèyàn mi! Kò síná lọ́jọ́ náà, àmọ́ Daddy Bọ́lá ti fa wáyà láti ìdí jẹnẹrétọ̀ wọn, tí wọ́n ti gbé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wá sí ilé wa. Ìyá Àgbà mu kọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tán, wọ́n gbé èkejì fún Daddy Bọ́lá.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ọ̀nà kì í dédé há. Kálukú ló ń bù ú díẹ̀díẹ̀, ti ẹlòmíì la sì máa ń rí. Ìgbà tí ẹni tó kọ́kọ́ bù ú bá ní òun ti dá tòun padà, ojú á ti ẹni tó kù.

Nítorí náà, iṣẹ́ ni mo fún yín o. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ bọ́ síwájú ilé yín, kẹ́ ẹ na apá yín méjèèjì. Kẹ́ ẹ wá sọ fún mi nísàlẹ̀ níbí ohun tí ọwọ́ yín kàn, àti ẹni tó gbé e síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin náà ni, ẹ má purọ́, a ò ní fi yín rẹ́rìn-ín… tó bá ti jẹ́ pé ẹ wọṣọ!